Iná Dé Ẹnu Fáànù, Fáànù Kọ̀ Kò Yí

Bí òjò oṣù Òkúdù bá bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Pápáláǹtò sí Ìlaró, tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ láti Ìbèsè ń ta omi pupa sí gíláàsì iwájú, ẹni tó bá ń wa Peugeot 504 àtijọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Wáípà ń ṣiṣẹ́ níta, ṣùgbọ́n láti inú ni gíláàsì ti ń ṣú. Aṣọ èrò tutù, wíńdò wà ní títì nítorí òjò, èémí gbogbo wọn sì ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí òjò ti mú tutù. Awakọ̀ á fi àkísà nù ún, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ṣú. Bọ́tìnnì kan wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún ọ̀ràn yìí gan-an. Awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ti yí i títí, kò dáhùn.

Búlówà ni àwọn riwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń pe ohun tí bọ́tìnnì náà ń darí. Fáànù kékeré kan ni, ó sá pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí sábẹ́ ibi tí wáípà fìdí mọ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gba ara rédíétọ̀ kékeré kan kọjá sí ojú gíláàsì àti sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rédíétọ̀ kékeré náà, nítorí ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ro ọkọ̀ náà, yìnyín ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti gé omi yẹn kúrò: wọ́n á yọ rọ́bà méjèèjì, wọ́n á fi páìpù kékeré so wọ́n pọ̀, ó parí. A kò lè dá wọn lẹ́bi tán, torí rédíétọ̀ kékeré tó bá ti jẹrà lè da gbogbo omi ẹ́ńjìnnì sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ àgbà tí omi tiwọn ṣì wà níbẹ̀ mọ àǹfààní mìíràn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí kò sì sí ibi tí èèyàn lè dúró sí, wọ́n á ṣí híítà sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á gbé búlówà dé ìpele tó ga jù, ooru ẹ́ńjìnnì á sì máa tú sínú ọkọ̀. Èrò á làágùn, ẹ́ńjìnnì á yè. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tó ní éésì, fáànù kan náà yìí ló sábà máa ń fẹ́ atẹ́gùn tútù jáde. Ẹni tó bá ní híítà kò wúlò ní Yewa lè jàre. Ẹni tó bá ní fáànù híítà kò wúlò, kò tíì wakọ̀ nínú òjò.

Ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Paris ni 504 ti kọ́kọ́ yọjú ní 1968, òun ni wọ́n sì yàn ní ọkọ̀ ọdún 1969 ní Yúróòpù. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ṣílẹ̀kùn ní Kaduna. Nínú oṣù kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìjàpá pọ̀. Yúróòpù dáwọ́ 504 onísàlúùnù dúró ní 1983, àmọ́ Kaduna ń bá a lọ fún nǹkan bí ogún ọdún sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ń tọ́jú bí ohun àfiṣọ̀ṣọ́ fi ṣì ń kó iṣu àti gàrí láti Ayétòrò lọ sí Abẹ́òkúta.

Ní ìhà Yewa, ti Kaduna nìkan kọ́. Àwọn kan gba Kútọnu wọlé, wọ́n gba Ìdí-Ìrókò, wọ́n gba Ìlárá, wọ́n gba àwọn ọ̀nà inú oko tí kò lórúkọ lórí máàpù. Mercedes tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní W123 wà lára wọn; ilé-iṣẹ́ náà ṣe tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ó lé láàárín 1975 sí 1986, ó sì jọ pé kò sí ìlú kan ní ẹnu ibodè tí kò ní tirẹ̀ lábẹ́ igi mángòrò kan. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, Morris Minor àti Austin, tí ìdarí wọn wà lápá ọ̀tún. Kó tó di ọjọ́ kejì oṣù Igbe 1972, apá òsì títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí. Ẹni tó bá ń kọjá ní Ìdí-Ìrókò láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n ṣì ń pe gbogbo àgbègbè Yewa ní Ẹ̀gbádò, ní láti pààrọ̀ apá títì lẹ́nu ibodè.

Gbogbo èyí kan ọ̀rọ̀ búlówà ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọkọ̀ Faransé, ọkọ̀ Jámánì àti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni riwáyà kan náà ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ bí ti èkejì.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kì í gba wákàtí kan. Oníbàárà á dé, á ní, “Ọ̀gá, búlówà yìí ò ṣiṣẹ́ mọ́, èrò sì ń dúró dè mí ní gáréèjì.” Ọ̀gá á wo fíúsì, á rí i pé kò já. Á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tí oníbàárà ti ń retí: “Ẹ jẹ́ ká fà á ní dáírẹ́ẹ̀tì.” Wáyà kan á ti orí bátìrì bẹ̀rẹ̀, á gba ihò tí wọ́n fi ìṣó lu wọ inú ọkọ̀, á dé ara súwíìsì iná ilé tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á ti ibẹ̀ lọ bá fáànù. Fáànù á yí. Oníbàárà á sanwó, á dúpẹ́, á lọ.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ibi tí iná gbà kú tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nínú ọkọ̀ àtijọ́ kì í sì í ṣe búlówà nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Fíúsì kan lè máa bọ́ búlówà, wáípà àti tráfíkétọ̀ pa pọ̀. Ohun tó pa búlówà lónìí lè pa wáípà lọ́la nínú òjò kan náà. Wáyà tuntun náà ńkọ́? Kò ní fíúsì nídìí. Bí ẹnu ihò tí wọ́n fi ìṣó lu bá gé rọ́bà ara rẹ̀, tí bàbà inú rẹ̀ kan bọ́dì, bátìrì ọkọ̀ lè ta ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù ìjókòó wà nítòsí láti gba iná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ní ó ṣàdédé jóná, irú wáyà báyìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ọ̀gá tó mọṣẹ́ ń ṣe? Ó ń bi oníbàárà léèrè kó tó ṣí ohunkóhun. Ṣé kò yí rárá ni, àbí ìpele kan ló ṣì ń yí? Ṣé ó máa ń yí bí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò? Ṣé ó ti ń ké tẹ́lẹ̀ kó tó dákẹ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti mọ ibi tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ lọ. Búlówà tó ń yí lórí ìpele tó ga jù nìkan, tí ìpele kékeré ti kú, fíúsì rẹ̀ kò lẹ́bi, ẹ̀rọ rẹ̀ kò lẹ́bi, ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà, náà kò lẹ́bi. Rẹsísítọ̀ tó ń dín iná kù fún ìpele kékeré ni kó lọ wò. Èyí tó máa ń yí bí èèyàn bá fi ìkúùkù lu abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kábọ̀n inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Èyí tó ń ké bí ẹyẹ láàárọ̀ tó sì ń dákẹ́ bó bá gbóná, ibi tí irin àárín rẹ̀ ti ń yí ló ti gbẹ. Èyí tó kú pátápátá láìsọ̀rọ̀ ló ń fẹ́ sùúrù.

Lórí èyí tó kú pátápátá, ara ẹ̀rọ búlówà fúnra rẹ̀ ló dára kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa tọ ipasẹ̀ iná padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìjà àgbà àti ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ yìí wà. Ọ̀dọ́ á mú mítà tó ń kọ nọ́ńbà jáde, á fi kan ẹnu wáyà tó dé ibi fáànù, á rí 12, á ní iná dé, ẹ̀rọ ló ti kú, ẹ lọ ra òmíràn. Àgbà á mú gílóòbù tráfíkétọ̀ tó ti jó wáyà méjì mọ́, á fi kan ibì kan náà. Gílóòbù á mọ́lẹ̀ bàìbàì bí iná àtùpà tí epo ti tán, àgbà á sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn méjèèjì ni ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́. Mítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná kankan. Bí okùn bàbà mẹ́wàá bá wà nínú wáyà, tí mẹ́sàn-án já, ẹyọ kan tó kù tó láti gbé 12 fóólìtì dé ojú mítà. Gílóòbù 21 wáàtì ní tirẹ̀ ń béèrè ohun tó sún mọ́ ámpù méjì kó tó lè tàn dáadáa, ẹ̀rọ búlówà sì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Níbi tí iná ti ń wọ́ gba ojú ihò tóóró kọjá, gílóòbù ló ń tú àṣírí. Mítà kì í purọ́. Ẹni tó lò ó láìgbé ẹrù lé iná lórí ló ṣìnà. Bó bá fi mítà wọn ẹnu wáyà kan náà nígbà tí fáànù ṣì wà lórí rẹ̀, tí bọ́tìnnì sì wà ní títẹ̀, nọ́ńbà á wálẹ̀ lójú rẹ̀ sí 7 tàbí 5. (Ọkọ̀ tuntun tó ní kọ̀ǹpútà kì í gba gílóòbù báyìí, iná tó ń fà lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Lórí 504 kò séwu.)

Ọ̀nà kejì tí iná gbà ń kú ni ọ̀nà tó ń gbà padà, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bọ́dì ọkọ̀ ni wáyà ìpadàsílé fún gbogbo iná inú rẹ̀. Sukúrù kékeré kan ló sábà máa ń de ẹ́ẹ̀tì búlówà mọ́ páálí irin, ọ̀rinrin sì ń bá a jà láti ọdún tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Ẹni tó kun ọkọ̀ lọ́dà tuntun lè kun ojú sukúrù náà mọ́ ọn, ọ̀dà kì í sì í gbé iná. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: tẹ bọ́tìnnì sí ìpele tó ga jù, fi ọwọ́ kan mítà kan ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti jáde lára ẹ̀rọ búlówà, fi ọwọ́ kejì kan nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Bó bá kọ ohun tó sún mọ́ òfo, ẹ́ẹ̀tì dára. Bó bá kọ fóólìtì méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tó fẹ́ ra búlówà tuntun lè fowó rẹ̀ pamọ́. Kí ó tú sukúrù náà, kí ó fi sáńpépà ha ojú irin títí yóò fi dán, kí ó dè é padà, kí ó fi gíríìsì díẹ̀ bò ó kí omi má baà rí ọ̀nà.

Lára Morris Minor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì le ju báyìí lọ, nítorí pọ́sítífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Riwáyà tí kò mọ̀ á gbé bátìrì tuntun lé e bó ṣe ń gbé e lé gbogbo ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì lè jí, gílóòbù á tàn, nítorí gílóòbù kì í bìkítà. Ẹ̀rọ búlówà tó ní máńgínẹ́ẹ̀tì nínú ní tirẹ̀ á máa yí sẹ́yìn. Ohun tó sì ń mú ọ̀rọ̀ dojú rú ni pé fáànù onígbá rìbìtì, bó bá ń yí sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà kan náà ló ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn gbà, àfi pé atẹ́gùn náà kò ní agbára. Oníbàárà á ní fáànù ń yí, ariwo rẹ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n kò fẹ́. Èèyàn lè tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ kó má rí ibi tó bàjẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́.

Fíúsì ni gbogbo ayé ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ sì ni ojú ti ń tanni jẹ jù. Nínú Mercedes àti Volkswagen àtijọ́, fíúsì wọn rí gbọọrọ, ó ní ẹnu ṣóńṣó méjì, ó sì fi àwọ̀ sọ agbára rẹ̀: funfun jẹ́ 8 ámpù, pupa 16, búlúù 25. Ẹnu ṣóńṣó ló kan irin tó dì í mú, ojú ibi tó sì kàn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀rinrin á wọ ibẹ̀, ìpáta funfun á bò ó. Wáyà inú fíúsì kò já, ojú rí i pé kò já, síbẹ̀ iná kò kọjá. Ọ̀gá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í yọ irú fíúsì bẹ́ẹ̀ wò. Á kàn fi ìka yí i po lórí ìjókòó rẹ̀. Bí búlówà bá jí lójú ẹsẹ̀, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, á yọ gbogbo wọn, á ha irin wọn, á fi tuntun sí i, oníbàbà bó bá rí i, nítorí èyí tí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe ló máa ń yọ W123 lẹ́nu jù.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tàn mìíràn. Fíúsì onígíláàsì tí ilé-iṣẹ́ Lucas ń lò, tí wọ́n kọ 35 sí lára, 35 ámpù ni yóò fi já, ṣùgbọ́n 17 péré ni ó yẹ kó máa gbé lójoojúmọ́. Ní ilẹ̀ mìíràn, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fíúsì ni èyí tó lè máa gbé. Ẹni tó bá ra onígíláàsì 35 láti Amẹ́ríkà tó sì fi sínú ọkọ̀ Lucas ti fún wáyà náà láyè ìlọ́po méjì ohun tí ó lè rù. Èyí ṣì sàn ju ohun tí ojú ń rí ní ẹ̀bá ọ̀nà lọ: bébà fàdákà inú páálí sìgá tí wọ́n wé mọ́ fíúsì tó ti já, ìṣó, okùn bàbà tí wọ́n yọ lára wáyà iná ilé. Fíúsì tí kò lè já kì í ṣe fíúsì mọ́.

Ẹni tó bá sì ń fi àwọ̀ wáyà ṣe atọ́nà ní láti kọ́kọ́ bèèrè ìlú tí ọkọ̀ ti wá. Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ló ti ara bátìrì wá tààrà, iná wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Nínú ọkọ̀ Jámánì, aláwọ̀ ilẹ̀ gan-an ni ẹ́ẹ̀tì, pupa ló ti bátìrì wá, dúdú sì ni èyí tó ń gba iná bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́. Riwáyà tí ó fi gbogbo àárọ̀ ṣiṣẹ́ lára Mercedes, tó wá bọ́ sára Morris lọ́sàn-án, tó sì de wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ bọ́dì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe bọ̀, èéfín ni yóò kọ́ ọ. Ọkọ̀ tó ti ṣe fàyàwọ́ rí burú ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn kí ìrẹsì lè ráyè, wọ́n ti gé wáyà iná ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà hàn lóru, wọ́n sì ti fi àwọ̀ tó bá wà nílẹ̀ so ìyókù. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gílóòbù nìkan ni kéèyàn gbà gbọ́.

Bí iná bá dé ẹnu fáànù pẹ̀lú agbára, tí ẹ́ẹ̀tì sì dára, tó bá ṣì kọ̀ tí kò yí, ìgbà yẹn ló tó láti yọ ọ́. Èyí tó wà lábẹ́ wáípà ni ìyọnu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ṣí páálí onírin tó bo ibẹ̀ lára ọkọ̀ tó ti sùn lábẹ́ igi fún ọdún mélòó kan: ewé mángòrò ló kún inú rẹ̀, èyí tó wà lókè gbẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti di ilẹ̀dú. Ewé yìí ló dí ihò tí omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, omi sì ti ga dé ara ẹ̀rọ. Nínú igbá fáànù, ẹ̀lírí ti fi èèpo àgbàdo àti òwú ìjókòó tẹ́ ibùsùn, ó ti bímọ síbẹ̀, ó ti kó lọ. Ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, fáànù fẹ́ yí, ibùsùn dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí iná ń wọ̀ tí kò lè yí, ooru ni yóò fi gbogbo rẹ̀ ṣe.

Bó bá ti wà lórí tábìlì, wọ́n á tú u sí méjì. Kábọ̀n rẹ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ, sípíríìnù ló ń tì í lé ara bàbà tó ń yí. Bó bá ti jẹ kúrú, sípíríìnù kò ní í dé ọ̀dọ̀ bàbà mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí bí kòtò bá gbọ̀n ọ́n. Kábọ̀n tó bá a mu gan-an kò wọ́pọ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n á mú ti ẹ̀rọ mìíràn tó tóbi jù ú lọ, wọ́n á fi fáìlì gé e kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa rìn geere nínú ilé rẹ̀. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ mì. Ojú bàbà tó ti dúdú, sáńpépà tó kúnná ni wọ́n fi ń nù ún, wọ́n á sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ èédú tó kún àárín àwọn ojú bàbà. Òróró ẹ́ńjìnnì ẹ̀kán kan sí ìdí irin lápá méjèèjì tó. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ṣàn dé ara kábọ̀n, iṣẹ́ á di àtúnṣe.

Gbígbẹ irin yìí ló ń pa súwíìsì, bí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ tó gbẹ ń tiraka, ó ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ó ń fa ámpù mẹ́jọ, tí ojú kan tó ti dípẹtà sì wà nínú súwíìsì tó ń dá ìdámẹ́rin óòmù kan dúró. Fóólìtì méjì á ṣègbé síbẹ̀, wáàtì mẹ́rìndínlógún á sì di ooru nínú rọ́bà tí kò tóbi ju orí ìka lọ. Rọ́bà á yọ́, á di aláwọ̀ ilẹ̀, á máa rùn bí ẹja tó jóná, ojú irin inú rẹ̀ á tún bàjẹ́ sí i. Ẹni tó pààrọ̀ súwíìsì tí kò fi òróró sí ẹ̀rọ, á tún padà wá ra súwíìsì.

Rẹsísítọ̀ kò ní ìtàn gígùn. Wáyà wíwé mélòó kan ni, iná ń gba gbogbo rẹ̀ kọjá fún ìpele kékeré, ó sì ń fo gbogbo rẹ̀ fún ìpele tó ga jù. Ó máa ń gbóná, nítorí náà wọ́n gbé e sí ojú atẹ́gùn kí fáànù lè máa fẹ́ ẹ. Bí ewé bá dí ọ̀nà atẹ́gùn, á jó. Lára àwọn kan, lẹ́ẹ̀dì kékeré kan wà tí wọ́n ṣe kó yọ́ kí iná lè já kí wàhálà tó dé. Àwọn tó ń fi wáyà so ojú ibẹ̀ padà kò mọ̀ pé ohun tó gba ọkọ̀ wọn là ni wọ́n ń yọ dànù.

Ohun èlò ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, ibodè tún wà ní títì pa láti oṣù Ògún 2019. Ìdí-Ìrókò kò ṣí fún ọjà títí di 2022. Látìgbà náà, ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni ọ̀pọ̀ riwáyà Ìlaró ń ránṣẹ́ sí fún Belgium, bí wọ́n ṣe ń pe ohun èlò àlòkù láti òkè òkun. Belgium tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó gbẹ sàn ju tuntun ayédèrú lọ, bí ẹni tó ń rà á bá lè fi bátìrì dán an wò lójú ẹni tó ń tà á, kó sì fọwọ́ yí i kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ méjì tí kò rìn mọ́ lẹ́yìn ilé lè má nílò láti lọ sí Ládípọ̀ rárá.

Dáírẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò burú bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Súwíìsì àtijọ́ ti rẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu láti má ṣe jẹ́ kó máa gbé gbogbo ẹrù. Wọ́n á fi rílè kan sí i: súwíìsì á máa jí rílè nìkan, rílè ló máa gbé iná ńlá láti ara bátìrì lọ bá ìpele tó ga jù. Wáyà tuntun náà gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀, kí fíúsì náà má jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú ọwọ́ mélòó kan lọ, kí ihò tó bá gbà wọlé sì ní rọ́bà lẹ́nu. Owó rílè àti fíúsì pa pọ̀ kì í tó owó búlówà Belgium kan. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni oníbàárà tí èrò rẹ̀ ń dúró ní gáréèjì.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n má tíì ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tan búlówà lórí gbogbo ìpele rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì wà ní jíjí torí alitanétọ̀ ń gbé fóólìtì dé 14, iná á sì pọ̀ ju ti bátìrì nìkan lọ. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún bí ìdámẹ́ta wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kí ọ̀gá fi ẹ̀yìn ìka kan fíúsì, kó kan ẹ̀yìn súwíìsì, kó kan ibi tí wáyà ti wọ ara ẹ̀rọ, kó kan sukúrù ẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú. Ibi tí ìka kò bá lè gbé títí yóò fi ka márùn-ún, kó tú ibẹ̀ padà, kó ha á, kó tún un jó lẹ́ẹ̀dì, kó tó gba owó.